Ó Dahoro, àbí Wọ́n Pa Á Tì? Ìdáhùn sí Ayàwòrán Ilé Àwókù Kan

Ìbéèrè: "Ó tó ọdún méjì tí mo ti ń ya fọ́tò àwọn ilé tí kò sẹ́ni níbẹ̀ mọ́. Mẹ́ta nínú àwọn àwòrán náà kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan tí wọ́n ti tì pa. Ìyá kan tí ó fi ọdún 19 ṣiṣẹ́ níbẹ̀ kọ̀wé sí mi pé mo sọ ibi iṣẹ́ àwọn di itẹ́ òkú. Ìkejì ni ti ilé kan tí ẹbí inú rẹ̀ fi lẹ́tà sílẹ̀ nínú àpótí, tí fọ́tò ìgbéyàwó sì ṣì wà lára ògiri. Ìkẹta ni ti ọkùnrin kan tí ó sùn sórí páálí nínú gbọ̀ngàn ibùdókọ̀ ojú irin àtijọ́. Kò mọ̀ pé mo ya òun. Báwo ni ènìyàn ṣe ń mọ ohun tí ó tọ́ láti yà, àti èyí tí kò tọ́?"

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ lẹ́tà yìí, ẹ sì ṣeun tí ẹ fi àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Mo kọ́kọ́ wò wọ́n kí n tó ka ìbéèrè yín, mo sì tún wò wọ́n lẹ́yìn tí mo kà á tán. Ohun tí mo rí lẹ́ẹ̀kejì yàtọ̀ sí ohun tí mo rí lẹ́ẹ̀kíní, orí ìyàtọ̀ yẹn ni ìdáhùn mi yóò sì dá lé.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè wa. Nígbà tí a bá rí ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jìn, tí koríko sì ti hù dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kíá ni a ó ti sọ pé ó ti dahoro. Gbólóhùn yẹn rọ ẹnu lọ́rùn nítorí pé kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ṣe ló dà bíi pé ilé náà fúnra rẹ̀ ló pinnu láti wó, bí èso tó pọ́n tó sì já bọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ní wọ́n pa ilé náà tì, ẹnì kan ti yọjú nínú ọ̀rọ̀: "wọ́n" ti dé, ẹni tó ń gbọ́ sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé àwọn wo. Bí a bá ní wọ́n sá fi í sílẹ̀, ó yẹ kí a sọ ohun tí wọ́n sá fún. Bí a bá ní wọ́n lé wọn jáde níbẹ̀, ó yẹ kí a sọ ẹni tó lé wọn. Ilé kan ṣoṣo lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àwọn gbólóhùn mẹ́rin wọ̀nyí, fọ́tò nìkan kò sì lè sọ fún ẹni tó ń wò ó èwo ló bá a mu, nítorí pé àwókù ògiri rí bákan náà, yálà ìbínú ló lé onílé lọ tàbí ọjọ́ ogbó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àṣìṣe àwa tí a ń ya àwókù ti ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà níwájú wa jẹ́ "wọ́n lé wọn," a sì ya "ó dahoro."

Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ló kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ju ibi gbogbo lọ. Ní 1950, nǹkan bíi 1,850,000 ènìyàn ló ń gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n ka ènìyàn ní 2010, 713,777 ló kù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ti kó lọ síbòmíràn tàbí kí wọ́n ti dín òṣìṣẹ́ kù, àwọn aláwọ̀ funfun tó lówó lọ́wọ́ sì ti ṣí lọ sí àwọn ìlú kéékèèké tó yí i ká. Ní ọdún 2010 kan náà, ìwé àwòrán ńlá méjì jáde lórí àwókù ìlú náà, ọ̀kan láti ọwọ́ Yves Marchand àti Romain Meffre, àwọn ọmọ ilẹ̀ Faransé, èkejì láti ọwọ́ Andrew Moore tí í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ wọn dára púpọ̀. Mo ti jókòó tì wọ́n fún wákàtí gbọọrọ, mo sì kọ́ nǹkan nípa ìmọ́lẹ̀ nínú wọn. Àmọ́ àwọn ará ìlú náà béèrè ìbéèrè kan tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: àwa tí a lé ní 700,000 tí a ṣì ń jí, tí a ń lọ síbi iṣẹ́, tí a ń mú ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́, níbo ni a wà nínú àwòrán yìí? Àwọn alárìíwísí wá sọ irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ lórúkọ tó korò, wọ́n pè é ní àwòrán ìhòòhò àwókù, ìyẹn ni pé òǹwòran ń fi ojú jẹ ara ẹni ẹlẹ́ni láìbìkítà fún ẹni tó ni ín.

Ẹ gbé ọ̀rọ̀ ibùdókọ̀ ojú irin Michigan Central yẹ̀ wò, èyí tí wọ́n ṣí ní 1913 tí ọkọ̀ ìkẹyìn sì kúrò níbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1988. Kò sí ayàwòrán tó dé Detroit tí kò dúró níwájú rẹ̀. Fèrèsé tí kò ní gíláàsì, òpó mábù, àwòrán oríṣiríṣi tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀dà kùn sára ògiri: ó di ojú ìlú náà lójú ayé, bíi pé gbogbo Detroit ti kú. Ní 2018 ilé iṣẹ́ Ford rà á, wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù kẹfà ọdún 2024. Ẹnikẹ́ni kò lè bínú sí fọ́tò pé kò mọ ọ̀la. Ohun tí mo rò pé a jẹ̀bi rẹ̀ ni pé a yí kámẹ́rà kúrò lára àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, níbi tí iná ti ń tàn lálẹ́, nítorí pé iná yẹn yóò ba ìtàn wa jẹ́.

Ẹni tí mo máa ń tọ́ka sí fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ni Camilo José Vergara, ọmọ bíbí ilẹ̀ Chile tó ti ń ya àwọn àdúgbò aláìní ní Amẹ́ríkà láti àwọn ọdún 1970. Ọgbọ́n rẹ̀ kò ju kí ó máa padà lọ. Ní Harlem, àdúgbò kan ní ìlú New York, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ojú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo ní 1977, ó sì ń padà síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ilé fàájì alẹ́ ni nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀, ó sì di oríṣiríṣi ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn yóò rí i pé ibẹ̀ kò "dahoro" lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan ń kó wọlé, àwọn kan ń kó jáde, ẹnì kan ń kun ilẹ̀kùn ní ọ̀dà tuntun. Síbẹ̀, sùúrù kò ní kí ènìyàn má ṣi ojú wò. Ní 1995, Vergara kan náà dábàá pé kí wọ́n fi àwọn ilé gogoro tó wà ní nǹkan bíi búlọ́ọ̀kù méjìlá ní àárín Detroit sílẹ̀ bí wọ́n ṣe rí, kí wọ́n di àwókù tí ènìyàn ń wò, inú sì bí ọ̀pọ̀ ará ìlú. Mo rò pé wọ́n jàre. A máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ọba tó ní owó àtúnkọ́ ni òwe yẹn ń bá wí, kò bá ẹni tó sùn sínú ilé náà lóru ọjọ́ tó jó sọ̀rọ̀.

Kí n tó kan àwòrán yín níkọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ kan wà nípa fífọwọ́ kan nǹkan. Ní Pripyat, ìlú tí wọ́n kọ́ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl ní Ukraine, wọ́n kó nǹkan bíi 49,000 ènìyàn jáde ní ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1986 lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ náà bú gbàmù, wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n mú ohun tí yóò tó wọn lò fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn àlejò tó dé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbé ọmọlangidi sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fi ìbòjú gáàsì bò ó lójú, kí àwòrán lè dẹ́rù bani. Ẹni tó wò ó rò pé ọmọ kan ló fi í síbẹ̀.

Èmi náà ti jẹ nínú ẹ̀bi yìí. Nígbà tí mo ṣì kéré nínú iṣẹ́, mo rí bàtà ọmọdé kan lábẹ́ àkàbà ilé kan, òkùnkùn bò ó, mo sì gbé e lọ sí ojú fèrèsé níbi tí oòrùn ti ń wọlé. Ó di àwòrán tí wọ́n yìn mí fún jù lọ lọ́dún náà. Nígbà tí ó yá, ẹnì kan tó gbé ilé náà rí sọ fún mi pé abẹ́ àkàbà ni ọmọ òun máa ń tọ́jú bàtà sí, nítorí pé ibẹ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí bí òun bá pè é láti wá wẹ̀. Kò bá mi jà. Ṣùgbọ́n mo ti rí i pé òtítọ́ tó wà nílẹ̀ sàn ju èyí tí mo ṣe lọ, mo sì ti gbé e kúrò kí n tó mọ̀ ọ́n. Ẹ rántí ayàwòrán Arthur Rothstein náà: ní 1936, nígbà ọ̀dá ní Amẹ́ríkà, ó gbé agbárí màlúù kan sún síwájú ní bíi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ní South Dakota kí ó lè yà á dáadáa fún ilé iṣẹ́ ìjọba tó rán an. Àwọn alátakò Ààrẹ Roosevelt gbọ́, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá yẹn sọ pé ayédèrú ni àwòrán ọ̀dá náà. Òótọ́ ni ọ̀dá wà. Agbárí tí wọ́n gbé kúrò ní ipò rẹ̀ ló fún oníyèméjì lẹ́nu ọ̀rọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, nítorí pé àwòrán kẹta ló rọrùn jù láti dáhùn. Ẹ yọ ọ́ kúrò níbi gbogbo tí ẹ fi í sí, kí ẹ má sì tún gbé e jáde mọ́. Ẹni tó sùn kò lè gbà, kò sì lè kọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ọkùnrin náà fi hàn gbangba pé ibùdókọ̀ yẹn kò ṣófo: ilé ẹnì kan ni, ẹ̀yin lẹ wọ yàrá rẹ̀ láìkan ilẹ̀kùn. Ó yẹ kí a máa mọ àmì bẹ́ẹ̀ ká tó gbé kámẹ́rà sókè. Ẹ wo ilẹ̀ bóyá wọ́n gbá a. Eruku kì í fi ọ̀nà tóóró kan sílẹ̀ láàárín yàrá bí kò bá sí ẹsẹ̀ tó ń gbà á. Ẹ wo àgádágodo: bí ilẹ̀kùn bá ti dípẹtà tí àgádágodo sì ń dán, ẹnì kan ní kọ́kọ́rọ́. Omi tó mọ́ nínú ike, àbẹ́là tí epo rẹ̀ kò tíì gbá eruku jọ, aṣọ tí wọ́n ká. Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú wọn, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ sì kí wọn bí ènìyàn ṣe ń kí onílé. Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ sọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ohun tí ẹ wá ṣe. Bí wọ́n bá ní kí ẹ máa lọ, ẹ máa lọ.

Kódà bí ẹni náà bá lajú sílẹ̀, tí ó sì jókòó fún yín, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ní oṣù kẹta ọdún 1936, ayàwòrán Dorothea Lange ya ìyá kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní àgọ́ àwọn òṣìṣẹ́ oko ní Nipomo, California. Kò béèrè orúkọ rẹ̀. Àwòrán náà dé inú ìwé ìròyìn, wọ́n sì fi oúnjẹ ránṣẹ́ sí àgọ́ náà, ṣùgbọ́n ìdílé obìnrin yẹn ti ṣí kúrò níbẹ̀. Ọdún 1978 ni aráyé tó mọ̀ pé Florence Owens Thompson ni orúkọ rẹ̀, ó sì sọ pé òun ìbá fẹ́ kí wọ́n má ya òun rárá, àti pé òun kò rí owó kankan gbà lórí rẹ̀. Mo mọ gbogbo ohun rere tí àwòrán yẹn ṣe, n kò sì ní í sọ pé kí Lange má ti yà á. Ṣùgbọ́n ó lè béèrè orúkọ.

Àwòrán kejì, ti lẹ́tà àti fọ́tò ìgbéyàwó, ló le jù, mo sì ti yí ìdáhùn mi padà lórí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 1995, nígbà tí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ ní Willard, ìpínlẹ̀ New York, kógbá wọlé, àwọn òṣìṣẹ́ rí àpótí ìrìn-àjò tó lé ní 400 lókè àjà. Àwọn aláìsàn ló gbé wọn wá lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, ọ̀pọ̀ wọn kò sì jáde mọ́. Ayàwòrán Jon Crispin bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn àpótí náà ní 2011, ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀: ìwé, aṣọ, ìgò lọ́fínńdà, ohun èlò ìránṣọ. Òfin tó dáàbò bo àṣírí aláìsàn kò jẹ́ kí ó gbé orúkọ ìdílé wọn jáde. Àwọn kan ní ìbòmọ́lẹ̀ yẹn tún jẹ́ ìpatì lẹ́ẹ̀kejì, mo sì lóye ohun tí wọ́n ń sọ. Síbẹ̀, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí: àwọn tó ni àpótí kò fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n gbà á lọ́wọ́ wọn ni. Ẹni tó ń ya ẹrù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ́ra ju ẹni tó ń ya ògiri lọ.

Ẹ fi wé ohun tí ayàwòrán Robert Polidori ṣe ní New Orleans lẹ́yìn ìjì Katrina ọdún 2005. Ó wọ inú àwọn ilé tí omi ti bà jẹ́, ó ya bẹ́ẹ̀dì, àga, fọ́tò ìdílé tí ẹrẹ̀ bò, wọ́n sì gbé iṣẹ́ náà kọ́ sí ilé ìṣàfihàn iṣẹ́ ọnà Metropolitan Museum of Art ní New York ní 2006. Ọdún kan péré ti kọjá nígbà náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni yàrá wọ̀nyẹn ṣì wà láyé, wọ́n wà nílùú mìíràn, wọ́n ń ronú bóyá àwọn yóò lè padà. Bí ibì kan bá ti ṣófo fún 60 ọdún, tí kò sì sí ẹni tó lè bọ́ sójú títì kí ó sọ pé yàrá mi nìyẹn, mo lè ya inú rẹ̀ pẹ̀lú ọkàn tó balẹ̀ díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọdún kan, n kò ní í wọlé láìjẹ́ pé mo wá onílé rí.

Fún tiyín, ẹ kò sọ ìgbà tí ẹbí náà lọ, àìsọ yẹn ló sì ń dà mí láàmú. Ẹ wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò àti ní ọ́fíìsì tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀. Títí ẹ óò fi mọ̀ ọ́n, ẹ má gbé àwòrán tí ènìyàn lè ka lẹ́tà inú rẹ̀ jáde, ẹ má sì fi ojú ìyàwó àti ọkọ hàn. Bákan náà ni fún ìwé ilé ìwòsàn, ìwé ilé ẹ̀kọ́ àti ìwé ìfowópamọ́ tí ẹ bá bá nílẹ̀ níbikíbi: orúkọ tó wà lórí wọn lè jẹ́ ti ẹni tó ń gbé ní òpópónà kejì.

Ohun díẹ̀ ni mo ní láti sọ nípa àṣẹ àti ààbò, nítorí pé ẹ ti pẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Gbogbo ilé ló ní ẹni tó ni ín lójú òfin, bó ti wù kí ó wó tó, nítorí náà ẹ tọrọ àyè. Ẹ má dá nìkan wọlé. Ilẹ̀ pákó tó ti jẹrà kì í kìlọ̀ fún ènìyàn, òrùlé àtijọ́ sì lè ní asbestos nínú, ìyẹn èròjà ìkọ́lé tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Kí ẹ tó fi fọ́tò ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, ẹ pa àmì ibi tí fóònù tàbí kámẹ́rà fi pamọ́ sínú rẹ̀ rẹ́, nítorí pé àwọn tó ń jí wáyà àti páìpù bàbà náà máa ń wo àwòrán dáadáa.

Ó ku ilé iṣẹ́ ìhunṣọ. Lẹ́ńsì tó fẹ̀ ni ẹ lò nígbà tí ẹ yà á, èyí tó máa ń mú kí yàrá tóbi ju bó ṣe rí lọ, ẹ sì dúró de oòrùn ìrọ̀lẹ́ kí ó lè gba ojú fèrèsé fífọ́ wọlé. Àwọn ẹ̀rọ tò lọ rẹrẹ títí ojú kò fi tó wọn mọ́. N kò ní kí ẹ tọrọ àforíjì fún ẹwà rẹ̀. Kíkùn tí ènìyàn bá kun nǹkan ní àwọ̀ ìbànújẹ́ kì í sọ ọ́ di òtítọ́. Bernd àti Hilla Becher, tọkọtaya ará Jámánì, bẹ̀rẹ̀ ní 1959 láti máa ya ilé gogoro tí wọ́n ń tọ́jú omi sí, iná ìléru ńlá àti ẹ̀rọ ẹnu kòtò èédú ní àkókò tí ilé iṣẹ́ wọn ń kógbá wọlé. Wọ́n ń yà wọ́n ní tààràtà, lábẹ́ òfuurufú oníkùukùu, láìsí òjìji, wọn kò sì wá ẹkún ẹnikẹ́ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti wó palẹ̀, àwòrán náà ló sì jẹ́ ká mọ bí wọ́n ṣe rí. Ọ̀nà kan nìyẹn tí ẹ lè gbà padà lọ ya ibẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe báyìí ni pé mo máa ń kọ àlàyé abẹ́ fọ́tò nígbà tí mo ṣì wà níbẹ̀, kí n tó tú kámẹ́rà palẹ̀. Gbólóhùn náà gbọ́dọ̀ ní olùṣe: ta ló tì í, lọ́dún wo, àwọn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbo ni wọ́n lọ. Bí ohun tí mo lè kọ kò bá ju pé ó dahoro lọ, mo mọ̀ pé mi ò tíì ṣe iṣẹ́ mi tán, bí ìmọ́lẹ̀ tilẹ̀ dára. Ẹ kò kọ nǹkan kan sábẹ́ tiyín bí kò ṣe "Ìdákẹ́jẹ́." Ìyá náà sì mọ̀ pé ibẹ̀ kò dákẹ́ rí fún ọdún 19 tí òun fi wà níbẹ̀, ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Nígbà tí mo wo àwòrán náà lẹ́ẹ̀kejì ni mo rí aṣọ iṣẹ́ kan ní igun apá òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lẹ́ńsì yín ti tì í lọ sí etí, ó kéré, ènìyàn ní láti mú un tóbi kó tó rí i. Ó ṣì wà lórí ìkọ́. Kọ́là rẹ̀ ti gbó ní ibi tí ọrùn ti máa ń ha á, àpò àyà rẹ̀ sì yọ síta bíi pé nǹkan ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fèsì sí lẹ́tà ìyá yẹn, kí ẹ fi àwòrán igun yẹn sínú èsì náà, kí ẹ sì bi wọ́n bóyá wọ́n mọ ẹni tó ni aṣọ náà.